Sourou-Migan Apithy: ọmọ Àjàṣẹ́ tó ṣojú wa ní Páríìsì, àti ìbéèrè tó fi sílẹ̀ fún wa

Nígbàkigbà tí ìbò bá ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́ ní Àjàṣẹ́, ní Sakété, ní Pobẹ̀, ní Kétu, títí dé Ṣábẹ̀ẹ́: "Dèpìté wa yìí, kí ló tiẹ̀ ti ṣe fún wa?" Ẹnìkan á ní kò ṣe ọ̀nà. Ẹlòmíì á ní kò gbẹ́ kànga. Ẹnìkẹta á ní láti ọjọ́ tó ti wọlé, a ò tún fojú kàn án mọ́. Ẹjọ́ náà kì í tán. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló máa ń béèrè ohun tó yẹ kó ṣáájú: iṣẹ́ wo gan-an la rán dèpìté? Ta ló ń ṣojú fún, ìlú rẹ̀ ni àbí orílẹ̀-èdè lápapọ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tòní. Ọdún 1945 ló ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, nígbà tí ọmọ Dàhòmì àkọ́kọ́ wọ ilé aṣòfin Faransé ní Páríìsì. Àjàṣẹ́ ló ti lọ. Sourou-Migan Apithy lorúkọ rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé ìrìn ọkùnrin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó rí ohun tí dèpìté lè ṣe, a ó rí ohun tí kò lè ṣe, a ó sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ "tiwa-n-tiwa" gbé orílẹ̀-èdè yìí dé. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé orúkọ òpópónà nìkan lẹ fi mọ àwọn àgbà òṣèlú.

Ta ni Apithy?

Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1913 ni wọ́n bí i ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ẹ̀gùn ni, kì í ṣe Nàgó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Àjàṣẹ́ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí Ẹ̀gùn àti Yorùbá ti jọ ń gbé níbẹ̀, tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà, tí wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Orúkọ rẹ̀ gan-an, Sourou, ẹ pè é kí ẹ gbọ́: sùúrù náà ni.

Ilé ìwé àwọn fadá ló ti kàwé kó tó lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ó kàwé ní Bordeaux, ó sì tún kàwé ní Páríìsì, níbi tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ètò òṣèlú. Iṣẹ́ ìṣirò owó ló kọ́ mọ́ ọn. Ẹnìkan tó ràn án lọ́wọ́ púpọ̀ ni Fadá Francis Aupiais, òyìnbó kan tó ti ṣiṣẹ́ ìwàásù pẹ́ ní Àjàṣẹ́, tó sì máa ń sọ fún àwọn ará ilẹ̀ Faransé pé ènìyàn dúdú ní àṣà, ó ní ọgbọ́n, kò yẹ kí wọ́n máa fojú ẹni tí kò mọ nǹkan wò ó. Àjọṣe àwọn méjèèjì ló wá ṣí ilẹ̀kùn fún Apithy.

Ìbò ọdún 1945: ìgbìmọ̀ olùdìbò méjì

Ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Àwọn ọmọ Áfíríkà ti bá Faransé jagun, wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kò ṣe é ṣe mọ́ kí Faransé ṣe òfin-ìpìlẹ̀ tuntun láì pe ẹnikẹ́ni láti ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Gaston Monnerville kó wo bí wọn yóò ṣe pín ìjókòó fún àwọn ilẹ̀ tó wà lókè òkun. Apithy wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, òun àti Léopold Sédar Senghor ti Sẹ̀nẹ̀gàl.

Oṣù kẹwàá ọdún 1945 ni ìbò wáyé. Ẹ má rò pé ìbò bíi ti òní ni o. Wọ́n pa Dàhòmì àti Tógò pọ̀, wọ́n sọ wọ́n di agbègbè ìdìbò kan ṣoṣo. Wọ́n wá pín àwọn olùdìbò sí méjì. Ìgbìmọ̀ kìíní jẹ́ ti àwọn ọmọ onílùú, ìyẹn àwọn òyìnbó àti ìwọ̀nba dúdú tó ti gba ìwé ọmọ Faransé. Ìgbìmọ̀ kejì jẹ́ ti àwa yòókù. Ẹgbẹ́ òyìnbó kéékèèké yẹn mú aṣojú kan, gbogbo ọmọ onílẹ̀ mú aṣojú kan. Ìwọ̀n òṣùwọ̀n yẹn ò dọ́gba rárá.

Nínú ìgbìmọ̀ kejì pàápàá, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè dìbò. Ó di ìgbà tí o bá jẹ́ olóyè, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, tàbí ẹni tó ṣe sójà, tàbí oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́. Àgbẹ̀ tó ń roko ní Kétu, ìyá tó ń ta epo ní Sakété, kò sí èyí tó kàn wọ́n níbẹ̀.

Fadá Aupiais ló wọlé ní ìgbìmọ̀ kìíní, Apithy ló wọlé ní ìgbìmọ̀ kejì. Ó ṣeni láàánú pé Aupiais kú nínú oṣù kejìlá ọdún kan náà, kò tiẹ̀ rí àyè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n yàn án fún. Ni Apithy bá ku òun nìkan lára àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ wọlé. Ọmọ ọdún 32 ni.

Kí ni ẹnìkan ṣoṣo lè ṣe?

Ilé aṣòfin tí Apithy bá pàdé ní Páríìsì ní ènìyàn tó lé ní 500. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bó bá ti dìde, tó sọ̀rọ̀, tó jókòó, ìbò ẹyọ kan náà ló ní. Ohun tí àwọn aṣojú Áfíríkà wá ṣe ni pé wọ́n fi orí kò orí. Lamine Guèye àti Senghor wá láti Sẹ̀nẹ̀gàl, Félix Houphouët-Boigny wá láti Kodifúà, Fily Dabo Sissoko wá láti Sùdáànù Faransé tó di Málì lónìí. Wọ́n kéré níye, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Ọdún kan ààbọ̀ kò tíì pé tí nǹkan fi yí padà. Àwọn àṣẹ tó jáde láti òpin ọdún 1945 sí ọdún 1946 fòpin sí ètò tí wọ́n ń pè ní indigénat. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, òfin yìí ló jẹ́ kí kọ̀máńdàǹ lè ju ènìyàn sẹ́wọ̀n tàbí kó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ láì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946, òfin tí Houphouët-Boigny gbé wá fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, òfin Lamine Guèye sọ gbogbo wa di ọmọ onílùú. Láàárín méjèèjì, wọ́n dá àpò owó FIDES sílẹ̀, owó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀nà, èbúté, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ní àwọn ilẹ̀ òkè òkun.

Bóyá ẹnìkan á ní kí ló kan àwa Nàgó nínú èyí. Ó kàn wá gan-an ni. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nípa iṣẹ́ àfipáṣe, iṣẹ́ ojú ọ̀nà àti ẹrù rírù. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ẹni tó ṣe ìwádìí ìtàn àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ òyìnbó, ti fi hàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń kó ẹrù wọn kúrò ní agbègbè Kétu àti Sakété, tí wọ́n ń sá kọjá sí apá Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà, nítorí owó orí, nítorí iṣẹ́ àfipáṣe, nítorí kí wọ́n má baà mú ọmọ wọn ṣe sójà. Ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí tí a ní lókè Nàìjíríà lónìí, ibẹ̀ ni ìtàn wọn ti bẹ̀rẹ̀. Òfin tí wọ́n dìbò fún ní Páríìsì dé ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Ẹ wá wo ohun kan. Nínú àwọn òfin wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti Àjàṣẹ́ nìkan. Kò sí èyí tí Apithy lè nàka sí kó ní "èmi ni mo ṣe é." Ìbò rẹ̀ wà lára ìbò àwọn ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí afárá tàbí ilé ìwé kankan tó tún ayé àwọn ènìyàn ṣe tó bí àwọn òfin yẹn ṣe tún un ṣe. Iṣẹ́ dèpìté gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n kò ṣe é fọwọ́ kàn bíi kànga.

Bamako, àti bí ẹgbẹ́ ṣe ń tú

Lẹ́yìn tí wọ́n kọ òfin-ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú ìbò oṣù karùn-ún ọdún 1946, àwọn alágbára tó ní òwò ní Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ko ẹ̀tọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Àwọn aṣojú Áfíríkà wá pe ìpàdé ńlá sí Bamako ní oṣù kẹwàá ọdún 1946. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá RDA sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àpapọ̀ tí Houphouët-Boigny ṣe olórí rẹ̀. Apithy wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ìpè náà, ó sì lọ sí Bamako.

Ṣùgbọ́n ní Páríìsì, RDA ń bá àwọn kọ́múníìsì rìn, nítorí àwọn ló ń ti ẹ̀tọ́ ọmọ Áfíríkà lẹ́yìn jù. Nígbà tí àwọn kọ́múníìsì kúrò nínú ìjọba Faransé ní 1947, ẹni tó bá ń bá wọn rìn di ọ̀tá ìjọba. Ní Dàhòmì, àwọn fadá kò fẹ́ gbọ́ orúkọ kọ́múníìsì rárá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ni Apithy ti dàgbà. Ní 1948 ó jáde kúrò nínú RDA. Ó wá lọ bá àwọn aṣojú òkè òkun tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ òyìnbó kankan, àwọn tí wọ́n ń pè ní Indépendants d'outre-mer.

Àwọn kan bú u nítorí èyí, wọ́n ní ó sá fún ìjà. Àwọn kan ní ó gbọ́n, torí ẹni tí ìjọba ń lé kiri kò lè rí nǹkan kan gbà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. A ò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé dèpìté kan ṣoṣo kò lè dá dúró. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kan nínú ilé, ẹgbẹ́ yẹn sì ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí nígbà yẹn ló ṣe rí lónìí.

1951: ìjókòó kejì, ìjà kìíní

Nílé, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà tó lórúkọ nígbà náà, UPD. Inú rẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé Dàhòmì wà láti gúúsù títí dé àríwá. Ìjókòó kan ṣoṣo ni Dàhòmì ní ní Páríìsì, torí wọ́n ti ya Tógò sọ́tọ̀ láti ìparí 1946, Martin Aku ló sì ń ṣojú fún Tógò. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ìjókòó kan, Apithy ni gbogbo ènìyàn ń tì lẹ́yìn, kò sí àríyànjiyàn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1951 ni òfin tuntun fi ìjókòó kejì kún un. Ìròyìn ayọ̀ ni, àbí? Òfin náà tún fi àwọn olùdìbò kún un: àwọn baálé ilé, àti àwọn ìyá tó bí ọmọ méjì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ìyá wa lábúlé lè mú ìwé ìbò dání. Ṣùgbọ́n ìjókòó kejì yẹn náà ló tú ilé ká. Ta ni yóò wà lókè àtòjọ? Ta ni yóò tẹ̀ lé e? Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní èrò tiwọn, Apithy ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tó gbà fún ẹnìkejì. Apithy jáde, ó gbé àtòjọ tirẹ̀ kalẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ PRD sílẹ̀. Àwọn ará àríwá náà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn náà yóò mú ọmọ tiwọn. Wọ́n mú Hubert Maga, olùkọ́ tí wọ́n bí ní Parakou.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán ní oṣù kẹfà, Apithy wọlé, Maga wọlé. UPD tó jẹ́ ẹgbẹ́ gbogbo ènìyàn kò rí nǹkan kan mú. Gbogbo olóṣèlú ló kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀kọ́ búburú sì ni: bí o bá fẹ́ wọlé, agbègbè rẹ ni kí o dì mú.

Láti ìgbà yẹn ni Dàhòmì ti pín sí mẹ́ta lójú àwọn olóṣèlú. Gúúsù ìlà-oòrùn jẹ́ ti Apithy, Ẹ̀gùn àti Nàgó ló pọ̀ nínú àwọn tó ń tì í lẹ́yìn. Àríwá jẹ́ ti Maga. Abomey àti àárín gúúsù jẹ́ ti Justin Ahomadégbé, ọmọ ìdílé ọba Abomey, tó wá di olórí ẹgbẹ́ UDD. Kì í ṣe pé gbogbo ènìyàn ló ń dìbò báyẹn, ṣùgbọ́n báyẹn ni wọ́n ṣe ń ka orí wa bí ẹni ń ka iṣu. Nàgó tó wà ní Pobẹ̀ di "ènìyàn Apithy" kó tó lanu sọ̀rọ̀.

Agbára padà wálé

Apithy àti Maga tún wọlé sí Páríìsì ní oṣù kìíní ọdún 1956. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn ni òfin Defferre jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní loi-cadre. Ohun méjì pàtàkì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní, ìgbìmọ̀ olùdìbò méjì ti parí: gbogbo àgbàlagbà, ọkùnrin àti obìnrin, ni yóò máa dìbò nínú ẹgbẹ́ kan náà. Èkejì, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ní ìgbìmọ̀ ìjọba tirẹ̀ nílé.

Bí ẹ bá wò ó, ìgbà yẹn ni Páríìsì dín kù lójú àwọn olóṣèlú, tí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu wá di pàtàkì. Ní ìbò oṣù kẹta ọdún 1957, PRD ti Apithy mú 35 nínú ìjókòó 60. Ó di olórí ìgbìmọ̀ ìjọba ní Dàhòmì. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún 1958 ni wọ́n kéde Dàhòmì ní orílẹ̀-èdè olómìnira nínú àwùjọ Faransé, Apithy ló sì wà lórí àga. Lẹ́yìn ọdún 13 ní ilé aṣòfin àwọn ẹlòmíì, ó ti wà nílé báyìí, ó ń ṣe ìjọba.

Ẹni tó ti pẹ́ ní Páríìsì mọ bí a ṣe ń kà ìbò. Ṣùgbọ́n ìbò tí wọ́n kà ní oṣù kẹrin ọdún 1959 fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sun ilé.

Ẹ bá wa wo iye yìí dáadáa. UDD ti Ahomadégbé rí ìbò 172,179, ìjókòó 11 ni wọ́n fún un. PRD ti Apithy rí ìbò 144,038, ìjókòó 37 ló mú. Ẹgbẹ́ Maga, RDD, rí ìbò 62,132, ó mú ìjókòó 22. Ẹni tó rí ìbò tó pọ̀ jù ló gba ìjókòó tó kéré jù! Bí wọ́n ṣe pín àwọn agbègbè ìdìbò ló fà á. O lè ní ìbò rẹpẹtẹ ní ibi kan kó má mú ìjókòó púpọ̀ wá fún ọ, kí ẹlòmíì ní ìbò díẹ̀díẹ̀ ní ibi púpọ̀ kó sì kó ìjókòó lọ.

Ìlú gbóná. Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n gba ìjókòó 9 lọ́wọ́ PRD, wọ́n gbé e fún UDD. PRD wá ní 28, RDD ní 22, UDD ní 20. Kò sí ẹni tó lè dá ṣe ìjọba mọ́. Àwọn méjì tó ń jà kò fẹ́ rí ara wọn lórí àga, ni wọ́n bá gbé àga fún ẹnìkẹta. Maga tí ìbò ẹgbẹ́ rẹ̀ kéré jù di olórí ìjọba ní oṣù karùn-ún 1959. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí méjì bá ń jà lórí ẹran, ajá ìta ni yóò gbé e jẹ. Kì í ṣe pé a pe Maga ní ajá o. Ọgbọ́n ló fi gba ipò rẹ̀. Ìjà àwọn méjì yòókù ni a ń sọ.

Mẹ́ta lórí àga kan

Ohun tó kù, ẹ̀yin náà ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Òmìnira dé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ní oṣù kejìlá, Maga àti Apithy para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, gbogbo ìjókòó 60 bọ́ sọ́wọ́ wọn, UDD kò rí ẹyọ kan. Maga di ààrẹ, Apithy di igbákejì rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni, sójà dé ní oṣù kẹwàá 1963 lábẹ́ Christophe Soglo. Ní oṣù kìíní 1964, Apithy di ààrẹ, Ahomadégbé di olórí ìjọba. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tí oṣù kọkànlá 1965 fi máa parí, sójà ti ní kí àwọn méjèèjì máa lọ sílé.

Ní 1970 wọ́n tún pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún ìbò ààrẹ. Ìbò náà gbóná débi pé àwọn tó wà nípò dá a dúró kó tó parí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi agbègbè rẹ̀ halẹ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè: àwọn ará àríwá ń sọ̀rọ̀ ìyapa, ọ̀rọ̀ sì jáde láti ọ̀dọ̀ Apithy pé gúúsù ìlà-oòrùn lè lọ dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Sakété, ẹ ronú sí i: wọ́n fẹ́ gbé ẹnubodè kọjá lórí yín, bẹ́ẹ̀ ẹ ò sí níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Láti pa iná yẹn, wọ́n dá ìgbìmọ̀ ààrẹ ẹlẹ́ni mẹ́ta sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 1970. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ọdún méjì méjì. Maga ṣe tirẹ̀, ó sì gbé e fún Ahomadégbé ní oṣù karùn-ún 1972. Ó ku Apithy, tí yóò gorí àga ní 1974. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, ọ̀gágun Mathieu Kérékou gbàjọba. Ìpín Apithy kò dé mọ́ láéláé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní àtìmọ́lé títí di 1981.

Lẹ́yìn tó jáde, Apithy padà sí ìlú tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Páríìsì ló kú sí, ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1989. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Àpérò gbogbogbòò bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu, èyí tó dá ìjọba tiwa-n-tiwa padà fún wa. Apithy kò rí i.

Kí wá ni iṣẹ́ dèpìté?

Ẹ jẹ́ ká padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọ òfin-ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 ti rí gbogbo ohun tí a sọ lókè yìí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka 80 nínú òfin náà fi sọ pé dèpìté kọ̀ọ̀kan ń ṣojú fún orílẹ̀-èdè lápapọ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi àṣẹ dè é pé báyìí ni kó ṣe dìbò. Agbègbè kan ló yàn án, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé, kì í ṣe ti agbègbè yẹn nìkan mọ́.

Lónìí, dèpìté 109 ló wà nílé aṣòfin wa, tí wọ́n ń wá láti agbègbè ìdìbò 24, wọ́n sì ya ìjókòó kan sọ́tọ̀ fún obìnrin ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Àjàṣẹ́ náà ni ilé ọ̀hún wà, kò jìnnà sí wa bí Páríìsì ti jìnnà sí àwọn bàbá wa. Ọmọ agbègbè wa náà sì ti ṣe olórí rẹ̀ rí: Antoine Idji Kolawolé, ọmọ Kétu, ló wà lórí àga náà láti 2003 sí 2007.

Iṣẹ́ wọn pín sí ọ̀nà méjì: kí wọ́n ṣe òfin, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ìjọba. Àwọn ló ń dìbò sí ètò ìnáwó ọdọọdún. Wọ́n lè bi mínísítà léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n lè gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí owó ọ̀nà lápò wọn. Ẹ̀ka 107 tiẹ̀ sọ pé bí dèpìté bá gbé àbá wá tí yóò dín owó ìjọba kù tàbí tí yóò dá ìnáwó tuntun sílẹ̀, wọn ò ní gbà á àfi bó bá fi hàn ibi tí owó yẹn yóò ti wá. Ọ̀rọ̀ kànga abúlé, ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ kọ̀múùnù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Kọ̀múùnù 77 la ní, iṣẹ́ tiwọn nìyẹn.

Nítorí náà, bí dèpìté bá wá bẹ̀ yín níbò tó ní òun yóò ṣe ọ̀nà, ẹ bi í: owó wo? Bó bá sì padà wá lẹ́yìn tó ti wọlé, ẹ má béèrè ìrẹsì àti owó oúnjẹ nìkan. Ẹ bi í léèrè pé òfin wo lo dìbò fún? Èwo lo kọ̀, kí ló fà á? Nígbà tí wọ́n ń ka ètò ìnáwó, kí lo sọ nípa ẹnubodè wa, nípa epo pupa àti àgbàdo wa, nípa àwọn ọmọ wa tó ń kàwé? Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn bàbá wa bi Apithy nìyẹn. Wọn ò rí àyè bi í, torí ó wà ní Páríìsì, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ìwé ìbò.

A ò kọ èyí láti sọ Apithy di ẹni ire tàbí ẹni ibi. Ó dìbò nílé tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe, a ò gbọ́dọ̀ gbàgbé ìyẹn. Òun náà wà lára àwọn tó kọ́ wa pé kí a máa wo ẹni tí ìyá wa bí kí a tó wo ohun tó fẹ́ ṣe, ìyẹn náà kò ṣe é gbàgbé. Nígbà tó lọ sí Páríìsì ní 1945, ohun tó dára jù tó ṣe, òun àti ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, òun àti ọmọ Kodifúà ni wọ́n jọ ṣe é. Nígbà tó padà wálé, tó di "tiwa" nìkan, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ìbò bá tún dé, tí wọ́n ní kí ẹ wá dìbò fún ọmọ yín, kò burú. Ọmọ wa ni, a ó dìbò fún un bó bá tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í pé iṣẹ́ ta ló fẹ́ lọ ṣe.